Ásù iwájú tó ń rìn lábẹ́ ọkọ̀ tí a gbé sókè: èwo ni ká fi dá a dúró?

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ yín níwájú. Tí ẹ bá rí irin gbọọrọ kan ṣoṣo tó ti ẹ̀gbẹ́ taya ọ̀tún dé ti òsì, tí irin pẹlẹbẹ onípele sì gbé e dání lọ́tùn-ún lósì, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Irin gbọọrọ yẹn ni ásù. Àwọn irin pẹlẹbẹ yẹn ni sípíríǹgì onípele, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn là ń pè ní ewé. Hilux fọ́ọ̀-wílì ayé ọjọ́un, Land Cruiser 40 àti 60, Land Cruiser 70 tí wọ́n ṣe kí 1999 tó dé, títí kan Mercedes 911 tó ń kó gẹdú, ẹbí kan náà ni gbogbo wọn. Hilux tuntun tí ẹ ń rí káàkiri Alágbàká kò sí nínú wọn. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló ní ewé. Níwájú, taya kọ̀ọ̀kan ló ní apá tirẹ̀ àti sípíríǹgì yíyípo tirẹ̀. Ẹni tó bá ní irú ìyẹn, kó máa bá tirẹ̀ lọ.

Ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ jù nìyí: "Ọ̀gá, mo ti gbé e sókè kó lè máa wọ oko, àmọ́ tó bá dé títì ó ń fà mí káàkiri. Ọ̀pá wo ni kí n rà láti fi di ásù yẹn mú?" Ìdáhùn mi kì í dùn mọ́ wọn, torí ìbéèrè lèmi náà fi ń dá wọn lóhùn: apá ibo ni ásù yẹn ń rìn sí? Ọ̀nà mẹ́ta ló lè gbà rìn. Ọ̀pá tó bá di ọ̀nà kan kò mọ nǹkan kan nípa méjì tó kù, ó sì lè dá kún wọn.

Ọ̀nà mẹ́ta náà

Àkọ́kọ́, ó lè yí lójú kan. Bí ẹ bá tẹ búréèkì, taya fẹ́ dúró, ọkọ̀ ṣì fẹ́ lọ, orí ásù á wá tẹ̀ síwájú, ewé sípíríǹgì á sì lọ́ bíi lẹ́tà S. Bí ẹ bá wà nínú ẹrẹ̀ tí ẹ fi taya iwájú fa ọkọ̀ jáde, òdìkejì ló ń ṣẹlẹ̀: orí ásù á tẹ̀ sẹ́yìn, imú dífù, ìyẹn agbárí irin ara ásù tí pùrọ̀pẹ́là wọ̀, á kọjú sílẹ̀. Tí taya bá wá yọ̀, ewé tó ti lọ́ yẹn á na padà lẹ́ẹ̀kan náà, á tún lọ́, á tún na, taya á sì máa fò pọ́n-ún pọ́n-ún. Ohun tó ń fọ́ kúrọ́ọ̀sì nìyẹn, ìyẹn oríkèé pùrọ̀pẹ́là, ọ̀pá tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí ásù, kì í ṣe ayé ló ń bá yín jà.

Èkejì, ó lè sún sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ewé fúnra rẹ̀ fẹ̀, kò rọrùn láti tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Búṣìn (òrùka rírọ̀ tí bóòtù gbà kọjá lójú sípíríǹgì) tó ti jẹ àti ṣákù (pátákó irin méjì tó so orí sípíríǹgì kan rọ̀ mọ́ ṣásí, egungun ọkọ̀) tó gùn ló ń gbà fún un. Ó máa ń hàn jù lára ọkọ̀ tí ọ̀pá sítíárì rẹ̀ gba ìbú kọjá, láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì: ẹ ó yí ọwọ́ sítíárì, ara ọkọ̀ á kọ́kọ́ sún, lẹ́yìn náà ni taya á tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé wọ́n pe òun.

Ẹ̀kẹta, ó lè lọ síwájú tàbí sẹ́yìn. Sípíríǹgì tó tẹ̀ kọrọdọ máa ń gùn sí i bó bá ṣe ń tẹ́jú. Orí rẹ̀ kan kàn mọ́ ṣásí gbọingbọin, èkejì rọ̀ mọ́ ṣákù, kó lè ráyè gùn. Nítorí náà, bí taya bá gun òkìtì, ásù á sún sí ọ̀nà ibi tí ṣákù wà. Lára Hilux àtijọ́ àti Land Cruiser tí mo dárúkọ, iwájú ni ṣákù wà, ìyẹn ni pé ásù á lọ pàdé òkìtì náà. Ọ̀pá sítíárì Hilux yẹn kò gba ìbú. Láti ẹ̀yìn wá síwájú ló lọ. Bí ásù bá ti sún síwájú, ó ti fa ọ̀pá yẹn nìyẹn, sítíárì á sì yí fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ohun tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ ń pè ní "ó ń já sítíárì gbà lọ́wọ́ mi" lójú ọ̀nà Ìdànrè nìyí.

Gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà lára ọkọ̀ yìí láti ilé iṣẹ́. Gbígbé e sókè ló ń sọ wọn di ńlá. Sípíríǹgì tó kọrọdọ sí i ní púpọ̀ láti gùn, ọ̀pá sítíárì dagun sí i, taya ńlá tí ẹ sì wá fi sí i ní agbára sí i láti fi yí ásù.

Bí ẹ ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ tiyín

Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan jókòó sídìí sítíárì, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, taya wà nílẹ̀, kó máa yí i sọ́tùn-ún sósì díẹ̀díẹ̀. Ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ iwájú, ẹ má wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ wo ojú sípíríǹgì níbi tí bóòtù ti gba inú búṣìn kọjá. Tí bóòtù bá ń jó nínú ihò rẹ̀, búṣìn ti kú. Tí búṣìn dúró ṣùgbọ́n tí ṣákù ń tẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, ṣákù lẹjọ́ rẹ̀. Tí ìdí ilé sítíárì gan-an bá ń mí lára ṣásí, ẹ nu ìdọ̀tí kúrò níbẹ̀ kí ẹ wá ìlà tó ti sán. Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n ti ra ọ̀pá lóríṣiríṣi fún, tó jẹ́ pé ṣásí ló ti là.

Fún ti yíyí àti ti síwájú-sẹ́yìn, ẹ de fóònù mọ́ ṣásí dáadáa kó kọjú sí sípíríǹgì, kí ẹ ya fídíò. Ẹ wá pápá tó ṣófo, ẹ rọra sáré, ẹ tẹ búréèkì, ẹ gun òkìtì kékeré kan pẹ̀lú taya kan. Ẹ tún ya fídíò nígbà tí ọkọ̀ bá ń fi jíà kékeré fa ara rẹ̀ gun òkè. Fídíò yẹn á sọ ju ohun tí àwa mẹ́káníìkì máa jókòó jiyàn lé lórí.

Ọ̀nà tí ẹ gbà gbé e sókè ti dá ìdajì ẹjọ́

Sípíríǹgì tuntun tó kọrọdọ jù, ewé tí wọ́n fi kún ti àtijọ́, ṣákù gígùn, búlọ́ọ̀kù irin tí wọ́n ń ki sáàárín sípíríǹgì àti ásù, tàbí kí wọ́n gbé sípíríǹgì láti abẹ́ ásù lọ sórí rẹ̀: ọ̀nà márùn-ún tó wọ́pọ̀ nìyẹn, wọn kò sì dọ́gba rárá.

Ẹ jẹ́ ká tètè lé èyí tó burú jù lọ kúrò ńlẹ̀. Búlọ́ọ̀kù kò gbọ́dọ̀ sí lábẹ́ sípíríǹgì iwájú. Kò sí "ó sinmi lórí" nínú èyí. Lẹ́yìn ọkọ̀, àwọn ilé iṣẹ́ kan ń fi búlọ́ọ̀kù sí i fúnra wọn, ìyẹn kò burú tó bá jẹ́ ẹyọ kan. Níwájú, ibẹ̀ ni búréèkì ti ń ṣiṣẹ́ jù, ibẹ̀ náà ni sítíárì wà. Búlọ́ọ̀kù ń jìnnà sípíríǹgì sí ásù, ó sì ń fún yíyí ní apá gígùn láti fi lọ́ ewé. Ọjọ́ tí yú-bóòtù, bóòtù bíi lẹ́tà U tó di sípíríǹgì mọ́ ásù, bá dẹ̀ díẹ̀, búlọ́ọ̀kù á yọ jáde, ásù á sì lọ síbi tó wù ú. Ẹni tó bá fẹ́ fi í sí i fún yín torí pé kò wọ́nwó, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ wa ọkọ̀ yín jáde.

Ṣákù gígùn ló tẹ̀ lé e, òun ló sì wọ́pọ̀ jù ní ìlú wa nítorí wẹ́dà kankan lè gé e láàárọ̀ kan. Ṣákù tó fi íńṣì 4 gùn ju ti tẹ́lẹ̀ kò gbé ọkọ̀ ju nǹkan bí íńṣì 2 lọ, nítorí orí kan ṣoṣo ló gbé. Àárín, níbi tí ásù wà, gba ìdajì. Ní pàṣípààrọ̀ fún íńṣì 2 yẹn, ẹ gba nǹkan méjì tí kò dára. Ṣákù gíga ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èkejì, nígbà tí ṣákù bá wà níwájú, ó ń ti orí sípíríǹgì iwájú wálẹ̀, orí ásù á sì dojú síwájú. Kásítà á dínkù, ìyẹn bí orí ásù ṣe dẹ̀yìn díẹ̀, tó ń jẹ́ kí sítíárì padà sáàárín fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti ya kọ́nà. Ọkọ̀ tí kò ní kásítà tó á máa rìn bí ẹni tó mu ẹmu lójú títì Ọ̀wọ̀, àwọn èèyàn á sì máa bú taya. Tó bá jẹ́ dandan kí ẹ lo ṣákù gígùn, kí wọ́n jó irin ìdábùú sáàárín pátákó méjèèjì kó má baà lè fì, kí ẹ sì dá kásítà padà pẹ̀lú wẹ́ẹ̀jì irin, irin tó nípọn lápá kan ju èkejì lọ tí wọ́n ń ki sáàárín sípíríǹgì àti ásù.

Lórí wẹ́ẹ̀jì yìí, ọ̀pọ̀ ń fi í sódì. Lára Hilux, tí sípíríǹgì jókòó sórí ásù, ẹ̀yìn ni ibi tó nípọn máa kọjú sí kí orí ásù lè dẹ̀yìn. Lára Land Cruiser tí sípíríǹgì rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ásù, iwájú ni. Kí ó jẹ́ irin gidi, kì í ṣe aluminiọ́mù. Ìyẹn máa ń fọ́ lábẹ́ ẹrù. Kí ẹ sì mọ̀ pé bí orí ásù ṣe ń dẹ̀yìn ni imú dífù ń wálẹ̀, ẹ kò lè fi ọ̀kan wá èkejì láìsan nǹkan kan. Ìwọ̀n díẹ̀ ló yẹ. Tí ẹ bá ń tò ó léra wọn, ọ̀nà mìíràn ló yẹ kí ẹ gbà.

Gbígbé sípíríǹgì sórí ásù, tí àwọn tó ní Land Cruiser 40 àti 60 fẹ́ràn, máa ń fúnni ní nǹkan bí íńṣì 5 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ewé àtijọ́ náà ni ẹ ṣì ń lò, ọkọ̀ sì ń rọ̀ lójú ọ̀nà. Ó dùn. Ṣùgbọ́n ewé rírọ̀ tí a gbé jìnnà sókè ló ń lọ́ jù nínú gbogbo wọn. Ẹni tó bá yan ọ̀nà yìí ti ra ọ̀pá òòró, èyí tó ń dènà yíyí, mọ́ ọn, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Sítíárì rẹ̀ náà ní láti yí padà.

Ó ku ewé. Fífi ewé kan tàbí méjì kún un ni ohun tó dín owó jù nínú èyí tó ṣeé fọkàn tán, tí ẹ bá rí ewé tó gùn tó sì bá ìtẹ̀ ti tẹ́lẹ̀ mu. Ewé kúkúrú tó nípọn a máa gbé ọkọ̀, àmọ́ ibi tí ewé yẹn parí sí ni mẹ́ǹ-lífù, ìyẹn ewé àgbà tó gùn jù, á ti máa tẹ̀, ibẹ̀ náà ló máa dá sí. Odindi sípíríǹgì tuntun tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ yẹn, fún gíga yẹn, ló wọ́nwó jù, òun ni mo sì fẹ́ràn jù. Tí ewé kejì rẹ̀ bá wé mọ́ ojú mẹ́ǹ-lífù, ẹ ti jèrè: bí mẹ́ǹ-lífù bá dá lójú ọ̀nà, ewé kejì á di ásù mú títí ẹ ó fi délé.

Ọ̀rọ̀ alágbẹ̀dẹ ńkọ́? Àwọn alágbẹ̀dẹ wa mọ irin yìí, òun ni wọ́n fi ń rọ àdá tó mú jù. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé bí wọ́n bá ti ki ewé bọ iná tó pọ́n tí wọ́n sì lù ú kọrọdọ, agbára ìnapadà tí ilé iṣẹ́ fi sínú rẹ̀ ti jáde. Á gbé ọkọ̀ sókè lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà á tẹ́ pẹrẹsẹ, tàbí kó dá. Ẹni tó bá lè tẹ̀ ẹ́ ní tútù, láìfi iná kàn án, ìyẹn ṣeé gbà. Wíwẹ́ẹ̀dì lára ewé kò ṣeé gbà fún ìdí kankan.

Búṣìn kọ́kọ́, ọ̀pá lẹ́yìn

Tí mo bá ní kí n fi búṣìn tuntun, yú-bóòtù tuntun àti ṣákù tó le sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí n sì fi gbogbo ọ̀pá ayé sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ̀gbẹ́ àkọ́kọ́ ni mo máa kọ́kọ́ san owó fún. Búṣìn rọ́bà ti ilé iṣẹ́ ń gba lílọ́ díẹ̀, kì í pariwo, ó dára fún ọkọ̀ tó ń ru ẹrù. Búṣìn póòlí, ìyẹn oníke, le jù ú lọ, ó dín fífì kù dáadáa, àmọ́ ó máa ń dún bí kò bá rí gíríìsì sílíkọ́nì tirẹ̀, ojú ọ̀nà á sì wọ ara yín sí i. Èyí tí wọ́n gbẹ́ lára taya àlòkù, mo mọ̀ pé ó wà, mo sì mọ ìdí tó fi wà. Ó dára fún wíwa ọkọ̀ délé.

Ọgbọ́n kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ mẹ́káníìkì kì í kọbi ara sí. A kì í fún bóòtù búṣìn rọ́bà pinpin nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lórí jáàkì. Ẹ gbé ọkọ̀ sílẹ̀, kí ìwọ̀n rẹ̀ jókòó sórí sípíríǹgì, kí ẹ tó fún un. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, rọ́bà yẹn á ti lọ́ láti ọjọ́ kìíní, á ya láàárín oṣù díẹ̀, ẹ ó sì sọ pé ayédèrú ni wọ́n tà fún yín. Yú-bóòtù ńkọ́? Tuntun ni kó jẹ́ nígbàkigbà tí sípíríǹgì bá yí padà, kí ẹ sì tún un fún lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti rìn díẹ̀, torí ó máa ń na. Yú-bóòtù tó dẹ̀ ló ń dá sẹ́ńtà bóòtù, èyí tó gún àárín àwọn ewé pa pọ̀. Sẹ́ńtà bóòtù tó dá ló ń jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ ásù kan lọ sẹ́yìn, kí taya ọ̀tún àti tòsì má bá ara wọn mu mọ́.

Ọ̀pá ìbú àti ọ̀pá òòró, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́

Ọ̀pá ìbú ni àwọn òyìnbó ń pè ní Panhard. Orí rẹ̀ kan wà lára ṣásí lápá kan, orí kejì wà lára ásù lápá kejì, ó sì dábùú ọkọ̀. Sísún sẹ́gbẹ̀ẹ́ nìkan ló ń dènà. Ọkọ̀ tó ń lo sípíríǹgì yíyípo kò lè ṣe láìní irú ìdìmú bẹ́ẹ̀ torí kò sí ohun mìíràn tó di ásù mú. Ọkọ̀ oníewé ti ní ewé tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn tẹ́lẹ̀, nítorí náà ìrànwọ́ lásán ni ọ̀pá yìí, ìrànwọ́ tó sì lè di ìjà.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Ọ̀pá kì í gùn, kì í kúrú. Bí ásù bá lọ sókè tàbí wálẹ̀, orí ọ̀pá á rìn bí ìdá kan nínú òbìrípo, á sì fa ásù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ká ní ọ̀pá náà gùn ní sẹ̀ǹtímítà 80, ó sì dùbúlẹ̀ pẹrẹsẹ nígbà tí ọkọ̀ dúró. Bí ásù bá lọ wálẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10, ọ̀pá á fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní bíi mìlímítà 6. Kò burú, búṣìn á gbà á mọ́ra. Ẹ wá gbé ọkọ̀ sókè, kí ọ̀pá kan náà dagun, kí orí kan fi sẹ̀ǹtímítà 15 ga ju èkejì lọ. Ní báyìí, sẹ̀ǹtímítà 10 kan náà wálẹ̀ á fà á ní mìlímítà 26. Ìlọ́po mẹ́rin nìyẹn, ewé kò sì ní ibi tó máa sún sí. Búṣìn á ya, tàbí kí bírákẹ́ẹ̀tì já kúrò lára ṣásí. Nítorí náà ẹni tó bá máa fi ọ̀pá ìbú sí ọkọ̀ oníewé gbọ́dọ̀ jẹ́ kó dùbúlẹ̀ bó ṣe lè dùbúlẹ̀ tó, kó gùn bó ṣe lè gùn tó.

Kò tán síbẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ bá ọ̀pá sítíárì dọ́gba: dídagun kan náà, gígùn tó sún mọ́ra, kí àwọn méjèèjì lè máa fà papọ̀. Tí ọ̀kan bá ń fa ásù sósì tí èkejì ń fa taya sọ́tùn-ún, ẹ ti fi owó yín ra àrùn tí ẹ fẹ́ wò. Èyí ló jẹ́ kí n máa sọ pé tí ọ̀pá sítíárì yín bá lọ láti ẹ̀yìn síwájú bíi ti Hilux àtijọ́, ẹ gbàgbé ọ̀pá ìbú. Kò sí ohun tó máa bá dọ́gba. Àfi tí ẹ bá ti yí sítíárì náà padà sí èyí tó gba ìbú kọjá, tí ẹ sì ń gbọ́ pé ara ọkọ̀ ń kọ́kọ́ sún kí taya tó yí.

Ọ̀pá òòró yàtọ̀ pátápátá. Traction bar ni wọ́n kọ sí ara páálí rẹ̀. Bóòtù méjì ló fi di ásù mú, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ó sì na lọ sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ pùrọ̀pẹ́là títí dé irin ìdábùú ṣásí. Yíyí ló ń dènà. Bí ásù bá fẹ́ tẹ orí síwájú tàbí sẹ́yìn, ọ̀pá yìí á sọ fún un pé kò sáyè. Ẹyọ kan tó. Ẹ kò nílò méjì, èkejì á kàn dí ásù lọ́wọ́ láti tẹ̀ bí taya kan bá gun òkúta.

Ohun tó ń ba ọ̀pá òòró jẹ́ ní àdúgbò wa ni ṣákù kékeré tí wọn kì í fi sí orí rẹ̀ ti ẹ̀yìn. Mo ti sọ pé ásù máa ń lọ síwájú sẹ́yìn bí sípíríǹgì ṣe ń gùn tó ń kúrú. Bí ẹ bá kan ọ̀pá mọ́ ṣásí gbọin, òun àti sípíríǹgì á máa fa ásù kan náà sí ibi méjì. Ṣákù kékeré lórí ẹ̀yìn á jẹ́ kí ásù rìn síwájú sẹ́yìn bó ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n kó má lè yí. Gígùn náà ṣe pàtàkì: ọ̀pá tó gùn ní ìlọ́po méjì ń ru ìdajì agbára lórí bírákẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn. Ọ̀pá kúkúrú ni ó ń fa ṣásí ya. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó wà lábẹ́. Lójú ọ̀nà tí kùkùté pọ̀ sí, òun ló máa kọ́kọ́ kọlu nǹkan.

Ẹ gbé méjèèjì síwájú ara yín báyìí. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń fò pọ́n-ún pọ́n-ún nínú ẹrẹ̀ tàbí tó ń já kúrọ́ọ̀sì, ọ̀pá òòró ló bá a mu, ọ̀pá ìbú kò ní ṣe é láǹfààní rárá. Ẹni tí sítíárì rẹ̀ ń pẹ́ kó tó dáhùn, tí búṣìn rẹ̀ dára, tí ọ̀pá sítíárì rẹ̀ gba ìbú, ọ̀pá ìbú ni, ọ̀pá òòró kò sì ní mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Bí ẹ bá bi mí pé èwo ni mo ti fi sí ọkọ̀ púpọ̀ jù tí olówó kò sì padà wá bínú, ọ̀pá òòró ni.

Àwọn méjì tí wọ́n ń tà bí oògùn gbogboǹṣe

Gbígbé ṣákù láti iwájú lọ sẹ́yìn: wọ́n á gé bírákẹ́ẹ̀tì méjèèjì kúrò lára ṣásí, wọ́n á sì yí wọn padà. Bí taya bá wá gun òkìtì, ásù á sún sẹ́yìn, ìyẹn bá ìrìn taya mu, ọkọ̀ á sì dùn gan-an lójú títì ọ̀dà. Ẹni tó ń lọ sí Èkó láti Àkúrẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ á gbádùn rẹ̀. Àmọ́ pùrọ̀pẹ́là iwájú á wá máa kúrú nígbàkigbà tí sípíríǹgì bá tẹ́jú. Tí kò bá ní àyè láti wọlé sí i, ó máa gún ilé jíà. Imú ọkọ̀ á máa tẹ̀ sílẹ̀ jù bí ẹ bá tẹ búréèkì, nígbà tó bá sì ń gun àpáta, ásù á máa fẹ́ sá wọ abẹ́ ọkọ̀. Ti sítíárì Hilux tó ń yí fúnra rẹ̀ kò tán pẹ̀lú rẹ̀, ọ̀nà tó ń yí sí ló kàn yí padà. Owó ńlá fún èrè kékeré ni, bí oko bá ni iṣẹ́ ọkọ̀ náà.

Ṣọ́ọ̀kì sítíárì kò dá ásù dúró. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń dín gbígbọ̀n tó ń dé ọwọ́ yín kù. Bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n gìrìgìrì bíi pé iwájú fẹ́ tú, ẹ wá ìdí rẹ̀ lára búṣìn, kásítà, táí-rọ́ọ̀dù àti bẹ́ríìn. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sí i lẹ́yìn tí gbígbọ̀n bá ti lọ.

Nígbà tí iṣẹ́ ọkọ̀ bá yàtọ̀

Àgbẹ̀ kòkó tó ń gba Ìdànrè wọ oko, tí Hilux tàbí Land Cruiser rẹ̀ ń ru àpò láti September títí ọdún á fi yí, kò nílò ju íńṣì 2 lọ. Odindi sípíríǹgì tuntun, búṣìn rọ́bà, yú-bóòtù tuntun, kí ó sì fi owó tó kù ra taya. Mi ò ní ta ọ̀pá kankan fún un àfi tí fídíò bá fi hàn pé ewé ń lọ́. Ẹni tó gbé Land Cruiser 60 rẹ̀ sókè ní íńṣì 5 láti máa fi gun òkè kiri, ọ̀pá òòró pọn dandan, títún sítíárì ṣe pọn dandan, lẹ́yìn náà ni kó wá ronú lórí ọ̀pá ìbú. Ẹni tó jẹ́ pé ìgboro Àkúrẹ́ ló ń gbé e yan, tó kàn fẹ́ kó ga, èmi á sọ fún un pé kó dá a padà sílẹ̀ ní íńṣì kan tàbí méjì. Wọn kì í sábà gbà.

Mercedes 911 tó ń kó gẹdú láti ìhà Ọ̀rẹ̀ ní tirẹ̀ kì í fi taya iwájú fà, búréèkì nìkan ló lè yí ásù rẹ̀. Ewé kúkúrú tó le nísàlẹ̀ àpapọ̀, yú-bóòtù tó fún, àti ojú ṣákù tó ń rí gíríìsì déédéé ti tó o. Tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ jó ọ̀pá mọ́ ọn, ẹ bi í pé kí ló fẹ́ dè.

Ohun tí ẹ máa bá wẹ́dà sọ

Kó yọ okùn bátìrì kúrò kó tó tanná. Kó kọ́kọ́ jó pátákó irin tó fẹ̀ ju bírákẹ́ẹ̀tì mọ́ ṣásí, igun rẹ̀ kó rí róbótó, lẹ́yìn náà kó jó bírákẹ́ẹ̀tì mọ́ pátákó náà. Kó má ṣe fa ìlà wẹ́ẹ̀dì láti òkè ṣásí dé ìsàlẹ̀ lóòró, torí ibẹ̀ ni ṣásí máa ti là. Lára ásù, kó máa jó o díẹ̀díẹ̀, kó máa sinmi, kó má baà tẹ̀. Kó sì jìnnà sí ibi tí òróró ń dé níbi síìlì.

Kó tó kun ún, ẹ gbé taya iwájú kan sókè pẹ̀lú jáàkì títí èkejì á fi fẹ́ kúrò nílẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún taya kejì. Ẹ wo bóyá ọ̀pá kan ń kan pùrọ̀pẹ́là tàbí ilé jíà, bóyá ṣákù ti fẹ́ yí dànù, bóyá rọ́bà ìdúró ń gba sípíríǹgì kó tó tẹ̀ sí òdìkejì. Lẹ́yìn náà ẹ wo okùn rọ́bà tí òróró búréèkì ń gbà kọjá. Lára ọkọ̀ tí a gbé sókè, òun ló máa ń kúrú jù, òun náà ni wọ́n sì máa ń gbàgbé. Bó bá fà yọ̀ọ̀ nígbà tí taya rọ̀ sílẹ̀ pátápátá, ẹ má gbé ọkọ̀ kúrò ní sọ́ọ̀bù títí wọ́n á fi fi èyí tó gùn sí i.